Ohùn Tó Pè Mí Lórí Òkè Ìdànrè

Ọjọ́ tí kíláàsì wa kúrò ní Muṣin lọ gun òkè Ìdànrè ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Bàbá tó ń mú wa gòkè kìlọ̀ pé, "Ẹ má jẹ́ ìpè ẹni tí ẹ ò bá rí." A fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ṣóńṣó òkè, kùrukùru bò wá. Ni mo bá gbọ́ ohùn Màmá mi, tí mo fi sílẹ̀ nílé: "Àṣàkẹ́."

Mo ti lanu kí bàbá náà tó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Nígbà tí kùrukùru ká, ọ̀gbun ló wà níbi tí ohùn náà ti wá.

Mo délé lọ́jọ́ kejì. Màmá ní, "Kí lo ń pè mí fún lẹ́yìnkùlé lánàá?"

Mo ní, "Ṣé ẹ dáhùn?"

Wọ́n wò mí. "Ọmọ mi á pè mí, kí n má dáhùn?"