Iṣan Ẹ̀yìn Gìgísẹ̀ Ìyá Onílẹ́tà

Lọ́jọ́ tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ Ìyá Onílẹ́tà já, ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló sọ òkò lu òun. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé kan tó ti fún ní lẹ́tà, ló bá gbọ́ ‘pàá’ lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì. Ó yíjú padà láti bú onítọ̀hún. Ajá kan péré ló rí, ó sùn fọnfọn. Ìgbà tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ló tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń pín lẹ́tà lórí òkè kan ṣoṣo tí ilé náà wà. Wọ́n rán iṣan náà pọ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ gbagidi fún oṣù méjì, wọ́n sì tú u. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́ pè é.

“Ìyá, mi ò lè fi ọ̀nà tí ẹ ti ń pín lẹ́tà sílẹ̀ dè yín títí ayé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, lọ́jọ́ Ajé, ẹ rìn ín parí kí aago méjìlá tó lù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá jókòó síbi òǹtẹ̀.”

Ibi òǹtẹ̀ jẹ́ yàrá kan tí kò ní fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń lu lẹ́tà lóǹtẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Onílẹ́tà ní òun ti gbọ́, ó sì jáde. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti pinnu pé òun ò ní jókòó.

Ó ń gbàdúrà. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan àbọ̀, nítorí ẹsẹ̀ òsì ò gbà fún odindi. “Olúwa, dá a padà sí bó ṣe wà.” Kò padà. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Bóyá ó ń gbọ́ tòun ni kò dá a lójú mọ́. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn nílé ìwòsàn, Ẹ-tún-un-ṣe ni àwọn aláìsàn ń pè é, torí ọ̀rọ̀ mìíràn kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ náà mú.

“Màmá, ẹ wò ó. Gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ balẹ̀. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti tẹ́ sílẹ̀ tán, ojúgun yín á máa tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni iṣan yìí ń nà díẹ̀díẹ̀, bíi rọ́bà kànnàkànnà tí wọ́n ń fà. Tí gìgísẹ̀ bá wá fẹ́ kúrò nílẹ̀, iṣan á sún kì padà, á sì tì yín síwájú. Ẹ̀yin ò jẹ́ kó nà. Kí ló máa fi tì yín?”

“Tó bá tún já ńkọ́?”

“Ìdí nìyẹn tá a fi ń rọra nà án. Ẹ tún un ṣe.”

Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ẹ-tún-un-ṣe káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó látẹ̀yìn.

“Màmá, kí lẹ gbé kọ́ èjìká òsì?”

“Èmi? Mi ò gbé nǹkan kan.”

“Ara yín ò tíì gbọ́. Ọ̀tún ni gbogbo yín fì sí.”

Ìyá Onílẹ́tà wo dígí ara ògiri. Òótọ́ ni. Èjìká òsì ni báàgì lẹ́tà máa ń wà, kó má bàa fà á ṣubú ló ṣe máa ń fì sí ọ̀tún. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí báàgì ti kúrò, ara ṣì ń bá a jà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ru gbogbo ẹrù. Tòsì kàn ń fọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń kí èèyàn nítorí ojú ayé. Òun tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ẹsẹ̀ lágbára, kò tíì fún ẹsẹ̀ níṣẹ́ kankan.

“Ẹ lọ gbé báàgì yín wá,” ni Ẹ-tún-un-ṣe wí.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, fi àgékù pákó kún báàgì náà dé ìdajì.

“Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sá fún ẹrù, ìwọ ń wá a kiri.”

“Bàbá, ẹ fi kún un.”

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé e rìn yí ilé po. Ẹrù òsì mú ara nàró, ẹsẹ̀ òsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru ìpín tirẹ̀. Bó bá rìn báyẹn tán, á sọ báàgì kalẹ̀, á tún un rìn lọ́wọ́ òfo, láìfì síbì kan.

Ọjọ́ Ajé pé. Dáadáa ló rìn títí ó fi dé àtẹ̀gùn olókùúta tó lọ sókè téńté. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà á, ẹsẹ̀ òsì sì dúró gbọin. Obìnrin kan tó ń nu fèrèsé lókè rí i.

“Ìyá Onílẹ́tà, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ju tèmi sókè.”

“Wọn ò gbà mí síṣẹ́ òkò jíjù,” ló fi fèsì.

Ó gbé ẹsẹ̀ òsì ka orí òkúta, ó rí i pé gìgísẹ̀ náà jókòó dáadáa, ó jẹ́ kí ojúgun tẹ̀ síwájú. Iṣan náà nà. Ó dùn ún. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń fa ẹsẹ̀ yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi í sílẹ̀ kó nà dópin. Gìgísẹ̀ gbéra, iṣan sún kì, ó sì tì í gun òkúta kejì. Gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, ojúgun. Gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, ojúgun.

Nígbà tó dókè ló rántí pé òun ò gbàdúrà láti ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun tọrọ ìdáríjì ni tàbí kí òun dúpẹ́. Ó ṣe méjèèjì ní ṣókí, ó sì fi lẹ́tà obìnrin náà lé e lọ́wọ́.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ló wọ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ tó ti wú.

“Ó ń dùn yín.”

“Ó ń dùn mí.”

“Ọ̀la wá ńkọ́?”

“Ẹ kó lẹ́tà ọ̀la wá kí n tò ó.”

Ọ̀gá dìde. Ó fa àga kan sún mọ́ ọn, ó sì ti òkìtì lẹ́tà síwájú rẹ̀. Ìyá Onílẹ́tà kí i pé ó ṣeun, ó fi àga náà sílẹ̀, ó dúró lóòró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà.