Ìka Tí Làálì Kò Kàn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé oorun ti ń gbé yín lọ ni? Ààlọ́ o o!"

"Ààlọ̀ ọ̀ ọ̀!"

Ààlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀. Kò bà lé ìjàpá, kò bà lé erin, kò bà lé ọba kankan. Orí ìka ọwọ́ Mùtmàínà ló bà lé, ọmọ Ṣàkírù télọ̀ tó wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Mùtmàínà. Bó bá ń lọ lọ́nà, adìyẹ kì í sá fún un. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àádùn. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ ló ti ń kà á. Bó bá ran ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, á ṣí ojú ìwé kan. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, kò yege, ó tún fẹ́ ṣe é. Ṣàkírù wá là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Mùtmàínà, eléyìí ni ìkẹyìn. Bó bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, Àǹtí Mùínàt ni wàá bá lọ sí Àbíjàn, kẹ́ ẹ jọ máa ta aṣọ. Mi ò ní máa wò ọ́ nídìí ẹ̀rọ yìí títí wàá fi hu ewú."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Kì í ṣe pé Àbíjàn burú o. Ta ni kò ní èèyàn ní Àbíjàn ní gbogbo agbègbè Ẹ̀jìgbò yìí? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ máa ń pẹ́ kó tó dé, ìwé kì í sì í dúró de ẹni tó ń ta aṣọ.

Àǹtí Mùínàt yìí, àbúrò Ṣàkírù ni. Ó ti Àbíjàn wá sílé nítorí yìgì ọmọ rẹ̀, Ràshídátù. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe pàdé: ìdánwò di ọ̀la, yìgì di ọ̀tunla. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n po làálì, wọ́n da èròjà dúdú mọ́ ọn kó lè mú dáadáa, gbogbo ọmọbìnrin ilé sì jókòó ti ìyàwó láti lé làálì náà. Ẹni tí kò bá lé e, wọ́n á ní ó ń jowú ìyàwó.

Mùtmàínà ká ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìjábù. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ti ibi ìdánwò dé ná. Wọ́n máa ní ká tẹ̀ka níbẹ̀."

Àǹtí Mùínàt bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kàwé lo wá ń bẹ̀rù ìtẹ̀ka! Ṣebí tàdáwà ni bàbá mi máa ń ti ìka bọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ síwèé ilẹ̀? Ìka tó bá ti dúdú láti ilé, ṣé òun kọ́ ni yóò tẹ̀ jù? Sé bọ̀ọ́n, bí a ṣe ń wí ní Àbíjàn! Ó ti tán. Gbé ọwọ́ wá!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, Mùtmàínà alára rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Àǹtí bo orí àwọn ìka rẹ̀ pátá, àfi ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún níjelòó. Ṣàkírù ló fi àkísà aṣọ dì í, tó ń bú u bó ṣe ń dì í: "Ojú ẹ wà níwèé, ìka ẹ wà lẹ́nu abẹ́rẹ́! Aláìfarabalẹ̀!" Làálì máa ń ta egbò, ni Àǹtí bá fo ìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣí làálì. Ìka ọmọ yìí ń dán bíi kóró iṣin. Bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán, Ṣàkírù fi ọ̀kadà gbé e, ó di Ẹ̀jìgbò. Ó já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìdánwò, ó ní òun ò lọ síbì kan.

Àwọn ọmọ tò lọ bí ìjàlọ. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyáàfin kan tó wọ awò jókòó ti ẹ̀rọ kékeré kan tó ní dígí lójú. Ẹni tó bá fi ìka lé dígí, tí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, á wọlé.

"Àtàǹpàkò ọ̀tún."

Mùtmàínà fi lé e. Iná pupa.

"Nù ún, kó o tún fi síbẹ̀."

Iná pupa. Ó fi òsì sí i, pupa. Ìyáàfin náà fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó wò ó.

"Kí nìyí?"

"Làálì ni, mà."

"Làálì! Lọ́jọ́ ìdánwò! Ọmọ yìí, ilà inú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ẹ tẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń wá, làálì sì ti dí gbogbo ẹ̀ pa. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lọ fọ̀ ọ́."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìyàwó, ọkọ ẹ dà?" Ẹ̀rín sọ.

Mùtmàínà sá lọ sídìí omi ẹ̀rọ. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi yanrìn ha á, ó fi etí ìjábù gbo ó. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni làálì ń dán. Ó wo òkè géètì, ó rí fìlà bàbá rẹ̀. Ó rí ọkọ̀ Àbíjàn lójú inú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ dè é.

Nígbà tó fi padà, ìlà àwọn ọmọ ti tán. Ó ń fi ìka kọ̀ọ̀kan lé dígí. Pupa. Pupa. Pupa.

"A fẹ́ tilẹ̀kùn o!" Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ló ń pariwo.

"Èwo ló kù?" Ìyáàfin náà bi í.

"Èyí tó lọ́gbẹ́, mà."

"Tú u."

Mùtmàínà kò lè tú u. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ìka náà ṣe wà nínú àkísà, ìrètí ṣì wà níbẹ̀. Bó bá tú u, tí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, kò tún sí ìka mìíràn láyé. Eyín ló fi já okùn rẹ̀. Ìka náà funfun, ó rin, ó hunjọ bí ẹran ìgbín. Ó fi lé dígí.

Iná pupa.

Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí dígí.

"Má sunkún sí ẹ̀rọ mi lórí," ìyáàfin náà wí. "Ó rin jù ni. Fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Ó fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ. Ó ní bísímílà, ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí pẹ̀lú gbogbo agbára ara rẹ̀.

"Ṣíjú. Ṣebí ìwọ nìyí?"

Iná ewé ti tàn. Àwòrán rẹ̀ ti yọ lójú kọ̀ǹpútà.

"Wọlé! Sáré!"

Ó wọlé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò yé e rárá. Lẹ́tà ń fò bí eṣinṣin. Ẹ̀jẹ̀ ti tún yọ lójú egbò náà. Ó fi ìjábù nù ún, ó tún ìbéèrè náà kà, ó yé e díẹ̀. Ó tún un kà.

Nígbà tó jáde, Ṣàkírù ń dúró nídìí ọ̀kadà, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Gbogbo èèyàn wọlé, mo rí ìwọ nìkan nídìí omi. Kí ló dé?"

Ó rò fún un. Ó gbé ọmọńdinrín òsì sókè. Ṣàkírù wo ìka náà títí.

"Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ bú ẹ?"

"Òun ni, Bàbá."

Ṣàkírù fa ìnujú yọ lápò, ó ya etí rẹ̀, ó dì í fún un, ó rọra so ó.

Lẹ́yìn yìgì, Àǹtí Mùínàt di ẹrù. "Mùtmàínà dà? Ọkọ̀ ń dúró."

"Máa lọ ná," Ṣàkírù wí. "Ọmọ ti wọ yàrá ìdánwò. Jẹ́ ká gbọ́ èsì."

Ọkọ̀ Àbíjàn lọ, kò gbé Mùtmàínà.

"Ìyá àgbà, ṣé ó yege?"

Èsì kò tíì jáde. Mo rí i lánàá nídìí ẹ̀rọ, ó ń ran ṣòkòtò, ó ń wo fóònù. Bí fóònù bá dún, á ta gìrì. Làálì ti ń ṣí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀, ẹni tó máa tọ̀ kó lọ tọ̀, kó má wá tọ̀ sórí ẹní mi. Qàwíyyàt, yọ àtàǹpàkò lẹ́nu, o ò mọ ọjọ́ tí wàá lò ó. Ẹ lọ sùn.