Bàbá Yí-i-díẹ̀ àti Tábìlì Tí Kì Í Mì

Ọjọ́ tí Bàbá Yí-i-díẹ̀ nà gbalaja sórí tábìlì nínú yàrá àwọn olùkọ́, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ládùúgbò wa. Òun fúnra rẹ̀ ló kan tábìlì náà, onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n gbé e débẹ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé fi ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá, tábìlì yín ń mì."

"Tábìlì tèmi kẹ̀? Ilẹ̀ yín ni kò tẹ́jú!"

Ọ̀gá ilé-ìwé ti pe Aláyùn, káfíńtà kejì àdúgbò, pé kó wá gé díẹ̀ lára ẹsẹ̀ kan. Bí bàbá yìí ṣe rí ayùn, ló bá gun orí tábìlì, ó nà sílẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ gé ẹsẹ̀ tèmi ná!"

Ẹ̀rín pa àwọn olùkọ́. Nígbà tí ayùn padà sínú àpò, Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó di tábìlì mú, ó ń yí i lójú kan náà díẹ̀díẹ̀. Lójijì, tábìlì dúró digbí. Ó fi igbọ̀nwọ́ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mì.

"Ó dáa o," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí, "ṣùgbọ́n ó ti kọ igun sí ògiri."

"Ẹ yí àga yín tẹ̀lé e!"

Ibẹ̀ lorúkọ Yí-i-díẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Kò lè rí tábìlì tó ń mì kó dákẹ́. Nílé oúnjẹ kan, ó yí tábìlì àwọn tí kò mọ̀ rí, àwọn yẹn sì ń gbé abọ́ tẹ̀lé e bí ẹni ń jó.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká jẹun, ẹ jọ̀ọ́!" ni ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀. Bàbá ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá bi í pé kí ló ń mú tábìlì dúró, á ní tábìlì fúnra rẹ̀ ló mọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó lọ kọ́ ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ló fi ṣọ́ọ̀kì yà á sórí pákó fún un.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kanlẹ̀, ọ̀kan wà lókè. Tí ẹ bá di àwọn mẹ́ta yẹn mọ́lẹ̀, tí ẹ wá yí tábìlì títí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi dé ipò èyí tó tẹ̀lé e, èyí tó wà lókè á fẹ́ wọnú ilẹ̀ lọ, torí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ti bọ́ sí ibi tó lọ sílẹ̀. Láti òkè dé inú ilẹ̀, ṣé kò ní kan ojú ilẹ̀ lọ́nà ni?"

Bàbá wo pákó títí. "Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ọ́ sínú ìwé."

"Ṣé wọ́n gé pákó rí?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i nìyẹn!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó wá fi kún un pé ẹsẹ̀ tábìlì gbọ́dọ̀ dọ́gba o. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn lè yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá na àyà síwájú. "Ṣó o rí i? Ìṣirò yín ń jẹ́rìí mi ni: tábìlì tó bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba." Ẹ gbọ́ ìgbéraga! Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Ọmọ yìí ni Bàbá kan tábìlì tó kẹ́yìn fún. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ tó fi jáde láyé. Orí tábìlì náà ni a gbé ìwé ìbánikẹ́dùn sí lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó sì ń mì.

Aláyùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká bébà tó fẹ́ kì sábẹ́ ẹsẹ̀ kan.

"Ẹ fi bébà sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ náà wí. Ó di tábìlì mú, ó ń yí i. Ó ń mì. Ó yí i sí i, ó ṣì ń mì. Ojú ti ń tì wá nítorí olóògbé. Aláyùn bá di apá kejì mú.

"Yí i díẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́.

Tábìlì dúró. Ọmọ náà fi igbọ̀nwọ́ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò mì.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ dọ́gba," ni Aláyùn wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá ni yín, Bàbá."

Tábìlì ti kọ igun sí ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún un. Bí a ṣe ń dé ìdí rẹ̀ láti kọ̀wé, gbogbo wa là ń yí àga wa díẹ̀.