Ìkíni Òjò Tí Kò Tíì Rọ̀

Bí ìgbà òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Castle Hill, àdúgbò tí mò ń gbé lókè òkun, ohùn ìyá tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn máa ń padà sí mi létí. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ti wo ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á wá gbé ife tíì wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn yòò níta.

“O kú òjò o.”

“Mọ́mì, òjò ò tíì rọ̀.”

“Ó di aago mẹ́rin. Ibi iṣẹ́ lo máa wà nígbà yẹn. Ta ló máa kí ẹ níbẹ̀?”

Bí wọ́n ṣe máa ń kí mi sílẹ̀ nìyẹn. Lóṣù kẹrin, tí ọjọ́ kan ṣoṣo lè tutù, kó móoru, kó tún tutù, ìkíni mẹ́ta ni mo máa ń gbé wọ ọkọ̀ ojú irin: ti òtútù, ti ooru, ti atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́. Bí atẹ́gùn náà bá wá ń tì mí kiri ní ibùdókọ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnìkan mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Láàárọ̀ yìí, fóònù mi dún.

“O kú atẹ́gùn o. Mo rí i lórí fóònù pé ó ń jà gan-an lọ́dọ̀ yín.”

Mo wo ìta. Ewé tuntun tó wà lára igi iwájú ilé ò mira rárá.

“Ẹ ṣé o, Mọ́mì. Ó ń jà gan-an ni.”

Mo sì di bọ́tìnnì kóòtù mi dé ọrùn.