Ọwọ́ Mọ́kànlélógójì

Èmi àti Ho Kam Weng jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún lórí ọkọ̀ ìwakùsà ní Batu Gajah, ní Malaysia. Òun ló ń darí okùn irin, èmi ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára tánńganran. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá yá a ní sen márùn-ún, sen márùn-ún ló máa dá padà, lọ́jọ́ tó dá.

Nígbà tí tánńganran ò lówó lórí mọ́, wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró. Ilé-iṣẹ́ ò ní owó ìdágbére. Ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fún Kam Weng dípò rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Khaw tó jẹ́ ọ̀gá wa sọ fún un pé, “Adìẹ nìyí. Má tà á. Ẹyin rẹ̀ ni kí o máa jẹ.”

Ẹyin náà sì ń wá, sen méjìlá lọ́dọọdún lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún sen ló ń di ringgit kan. Èrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ìpín ń san owó yàrá rẹ̀ géérégé, ọ̀ọ́dúnrún ringgit lóṣù. Èyí tó kù ló fi ń mu kọfí.

Khaw kú. Eng Siang ọmọ rẹ̀ di alága. Ilé-iṣẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé, owó wá kún báńkì. Lẹ́tà dé, ọmọ mi obìnrin kà á fún wa. Bí ìpàdé ọdọọdún bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní pín èrè mọ́. Owó náà ni wọ́n máa fi ra ìpín padà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà, ní iye ọjà. Ringgit kan àti sen ọgọ́ta niye ọjà nígbà náà.

Kam Weng fi ìṣó kọ ìṣirò sórí sìmẹ́ńtì. Ó pín owó báńkì sórí gbogbo ìpín. Ringgit méjì àti sen mẹ́wàá ló kan ìpín kan.

Ó ní, “Olè ni wọ́n.”

Ní ìpàdé ọdọọdún, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nà dìbò, ẹnì kan, ọwọ́ kan. Kam Weng mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó pín ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún ogójì nínú àwa tá a jọ ṣiṣẹ́, ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Ó fi kọfí sílẹ̀.

“Mi ò ta yín lọ́rẹ o. Ọwọ́ yín ni mo yá.”

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ipoh ni ìpàdé náà wà. Wọ́n ti to páálí núdù díndín sẹ́yìn. Eng Siang wò wá.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin bàbá. Ẹ fara balẹ̀, oúnjẹ máa kárí.”

Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kam Weng dìde.

“Alága, ringgit méjì àti sen mẹ́wàá ló wà ní báńkì fún ìpín kan. Èló lẹ fẹ́ rà á?”

“Iye tí ọjà bá pè é ni, Bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ owó, kó tà díẹ̀. Ẹni tí ò bá tà, ìpín tirẹ̀ á máa níye lórí sí i. A ò fipá mú ẹnikẹ́ni.”

“Onílé mi máa fipá mú mi.”

“Ọ̀rọ̀ onílé yín kọ́ la bá wá síbí.”

Bí Kam Weng ṣe yọ “ẹ̀yin” kúrò lẹ́nu nìyẹn.

“Eng Siang, bàbá rẹ ní kí n máa jẹ ẹyin. Ìwọ wá ní kí n máa gé itan adìẹ tà fún ẹ, ní ẹ̀dínwó.”

“Bàbá mi ti kú.”

“Mo mọ̀. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ pọ̀ ju tibí lọ.”

Wọ́n ní ká na ọwọ́. Mẹ́tàdínlógún gbà. Mọ́kànlélógójì kọ̀.

Akọ̀wé sọ̀rọ̀ sí Eng Siang létí. Eng Siang ò wò wá.

“Mo ní ká fi iye ìpín ka ìbò.”

Òfin fún un láyè. Wọ́n pín ìwé, a fàmì sí i, wọ́n gbà á, wọ́n kà á. Akọ̀wé ní mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún gbà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ̀.

Kam Weng ní kó tún èyí tó kẹ́yìn kà. Ó tún un kà. Ìpín rẹ̀ ni, kò dín ẹyọ kan. Nínú àwa ogójì, ẹnì kankan ò tà, ẹnì kankan ò yẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó.

A fi páálí oúnjẹ mọ́kànlélógójì sílẹ̀ níbẹ̀. Ebi ń pa mí.

Nígbà tí èrè ò wọlé lọ́dún yẹn, ó kó kúrò nínú yàrá náà kí oṣù tó pé, kò jẹ onílé ní sen kan. Ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tí mò ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, ló ń sùn. A ní ká dá ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà fún un.

“Kí ni màá fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe?”

Ọkùnrin kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ ra ìpín máa ń pè é lóṣooṣù.

“Bàbá, ẹ ò tíì fẹ́ tà?”

“Mo fẹ́ tà. Ringgit méjì àti sen mẹ́wàá.”

Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín. Kam Weng á gbé fóònù kalẹ̀.