Abẹ́rẹ́, Páálí Dúdú àti Oṣù Ṣakí

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti ra bàtà tuntun. Mo ti sọ fún gbogbo ará Okaka pé mo ń lọ ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn, àwọn kan tilẹ̀ ti ní kí n máa juwọ́ sí àwọn láti inú rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ dàńṣíkí funfun ló na abẹ́rẹ́ náà sí mi, ó sì gbé páálí dúdú ńlá kan tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé o mọ aṣọ rán?"

"Díẹ̀, sà."

"Díẹ̀ náà tó. Jókòó, kí o bá mi lu ìràwọ̀."

Ọkùnrin náà ni Alhaji Gàníyù, ọmọ Ìséyìn, ẹni tí gbogbo àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n láti Ìbàdàn títí dé Òkè-Ògùn mọ̀ sí Bàbá Oníràwọ̀. Ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ "Ẹ Gbójú Sókè" ti wà kí n tó jáde ilé ìwé girama. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, yóò sọ ohun tó wà lójú ọ̀run fún àwọn èèyàn, ibi tí wọn yóò kọjú sí, àti ohun tí wọn yóò rí bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti to ohun gbogbo sílẹ̀ kó tó ya ẹnu.

Kámẹ́rà wa nígbà náà ò lè rí ìràwọ̀. Bí a bá kọjú rẹ̀ sí ọ̀run, òkùnkùn lásán ni yóò mú wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lu páálí. A ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, a ó fi abẹ́rẹ́ lu àwọn tó kéré, a ó fi ìṣó lu àwọn tó tóbi, lẹ́yìn náà a ó gbé iná sẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá wò ó nílé, ọ̀run gan-an ni o máa pè é. Lọ́jọ́ kan, kòkòrò kan bà lé ojú ihò nígbà tí ètò ń lọ lọ́wọ́, ìràwọ̀ ńlá kan sì pòórá lójú gbogbo ayé. Alhaji, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, ò tilẹ̀ mira. Ó ní, "Ẹ mú sùúrù, kùrukùru ló bò ó, á kọjá." Kòkòrò fò lọ, ìràwọ̀ padà, èmi sì fi gèlè di ẹnu kí ẹ̀rín mi má baà wọ inú maíkì.

Tẹlifíṣọ̀n àwọn èèyàn wa náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, àfi kí o gbé eríàlì sórí òpó gíga fíofío kí àwòrán tó wọlé, bó bá sì wọlé náà, àmì funfun wínníwínní ló máa ń kún un. Bàbá àgbẹ̀ kan gbà wá lálejò n'Ílerò, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá tọkàntọkàn.

"Ẹ ṣeun o, Alhaji. Ìràwọ̀ tí ẹ fi hàn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pọ̀! Nígbà tí wọ́n ń ka ìròyìn, ìràwọ̀ yẹn ò tíì tán lójú tẹlifíṣọ̀n wa."

Ọ̀gá wò mí, mo wo ilẹ̀. Ó ní kí bàbá má ṣèyọnu, èyí tó ń bọ̀ máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe rí nìyẹn, kì í já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn bàbá tó bí i.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé nǹkan kan ń ṣe é. Yóò na ọ̀pá sí Àgùàlà lójú páálí, ọ̀pá náà yóò sì lọ dúró síbi tí kò sí ìràwọ̀ kankan. Mo ṣebí ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tó kí akọ̀wé wa obìnrin pé "Ẹ káàárọ̀, sà," tí ìyẹn sì bínú títí di ọ̀sán, mo bi Ọ̀gá léèrè. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní dókítà ti sọ fún òun pé àìsàn kan ń jí ojú òun gbé díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ ò ní padà mọ́.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni, Mojí. Tí wọ́n bá gbọ́, ètò yẹn kú nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti pẹ́ tí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa ti ń wá àyè tí yóò fi ìjàkadì sí, àyè tiwa ló sì wù ú. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtè lẹ òwú mọ́ etí àwọn ihò ńlá, kí ìka Ọ̀gá lè wá wọn rí. Bí a bá wà níta, ikọ́ ni àmì wa. Bí ohun tí à ń wá bá ti yọ, n ó wúkọ́, òun yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tó ti ń wò ó láti àárọ̀. Ó ń lọ déédéé bẹ́ẹ̀ títí àwọn ará Ṣakí fi ránṣẹ́ pè wá.

Ìparí oṣù ààwẹ̀ ni, àárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n fẹ́ ká wá ya bí àwọn ṣe ń wá oṣù tuntun, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ọ̀la máa jẹ́ ọdún tàbí ààwẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní òun ń bá wa lọ. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé òun fẹ́ fi ojú ara òun wo ètò náà, kí òun tó mọ̀ bóyá òun máa pa á tàbí òun máa dá a sí.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí a ó fi dé orí àpáta tí wọ́n ti máa ń wo oṣù, èrò ti kún bámúbámú, àwọn ọkùnrin níwájú, àwọn obìnrin lápá kan pẹ̀lú kẹ́tùrù omi tí wọ́n fẹ́ fi ṣínu. Kùrukùru dí ìwọ̀ oòrùn. Lemọ́mù, bàbá arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ, ṣàlàyé àṣà wọn fún wa. Ẹni tó bá lóun rí oṣù máa dúró níwájú òun, á sì fi orúkọ Ọlọ́run búra pé ojú òun lòun fi rí i. Ẹlẹ́rìí méjì làwọn ń gbà.

Ó wá yíjú sí Ọ̀gá. "Alhaji, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ojú ọ̀run jù wá lọ ti wà níbí. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́."

Ìbúra ò sí nínú ohun tí a jọ sọ tẹ́lẹ̀.

Oòrùn wọ̀. Kùrukùru là díẹ̀, oṣù sì yọ níbẹ̀, ó tín-ín-rín débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ò tíì rí i. Mo wúkọ́. Ọ̀gá gbọ́, mo rí i pé ó gbọ́. Mo tún wúkọ́.

"Alhaji, ṣé ẹ ti rí i?" Lemọ́mù ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, Lemọ́mù. Ìṣirò mi sọ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n búra pé ojú mi ni mo fi rí i, n ò sì lè purọ́ mọ́ Ọlọ́run. N ò rí i. Ojú mi ti lọ."

Ẹni tó ń ya fíìmù wò mí bóyá kí òun pa kámẹ́rà, mo mi orí pé rárá. Mi ò lè wo ojú ọ̀gá àgbà. Ohun tí mo ń rò ni pé a ti parí rẹ̀, àti pé n ò rí ọkùnrin tó tó ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí.

Àfi bí ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílùú ṣe kígbe látẹ̀yìn: "Mo rí i o! Lókè igi òrí yẹn!" Ẹnì kan tún kígbe, òmíràn tún kígbe. Àwọn méjì búra, Lemọ́mù gbà, ariwo ta: ọ̀la lọdún! Gbogbo èèyàn kọjú síbì kan náà, àfi Ọ̀gá nìkan tó kọjú síbòmíràn.

"Mojí, wá." Maíkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Báwo ló ṣe rí?"

N ò sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà rí láyé mi.

"Ó tín-ín-rín, Ọ̀gá, bí èékánná tí a gé. Ó dùbúlẹ̀, ìwo rẹ̀ méjèèjì ń wo òkè."

"Àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

"Bí òrí tuntun. Inú ẹ̀ ṣókùnkùn, àmọ́ tí mo bá tẹjú mọ́ ọn, mò ń rí ìyókù òṣùpá níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́."

Ó mi orí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti rí i báyìí."

"Ìyẹn ò tó búra o, Alhaji," ni Lemọ́mù wí, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọkọ̀ kan náà ni èmi àti ọ̀gá àgbà wọ̀ dé Ìséyìn. Ibẹ̀ ló ti yíjú sí mi.

"Ìwọ lò ń wúkọ́ yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Wá òògùn lò sí i. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í wúkọ́."

Bí mo ṣe gba ètò náà nìyẹn. Ìjàkadì wá àyè tirẹ̀ síbòmíràn. Wọ́n fi ohun tí a yà ní Ṣakí hàn láìgé ibì kankan kúrò, Ọ̀gá sì fẹ̀yìn tì lọ sílé rẹ̀ n'Íséyìn pẹ̀lú iyì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe "Ẹ Gbójú Sókè" lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí pé mo mọ nǹkan ṣàpèjúwe. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ máa ń mú jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá ń lọ sí Okaka, mo máa ń yà kí i. Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀, n ò tíì kí i tán tó fi dá mi dúró.

"Mojí, mo rí gbogbo wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àfi ìràwọ̀ kan tó kù lápá gúúsù. O sáré kọjá lórí ẹ̀."

"Àkókò ló tán, sà."

"Ta ló sọ fún ìràwọ̀ pé àkókò tán? Padà lọ mú un wá fún mi."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò.