Igbó Ìjọba àti Ẹtu Tí Mi Ò Rí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa gé igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé rẹ̀, ó kó ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ jọ, ó sì finá sí i ní tútù. Èéfín kíkorò yẹn gba ojú fèrèsé wọlé, ó wọ inú aṣọ tí mo sá, ó wọ inú omi tí mo fẹ́ mu. Mo jáde lọ bá a pé kí ló dé. Ó ní ewé igi náà ń da ìdọ̀tí sí mọ́tò òun. Mo wo ọkùnrin náà, mo wo mọ́tò tó ń sọ, mo sì padà sínú ilé kí n má baà sọ ohun tí kò yẹ àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó, tí èéfín náà ń ta mí lójú, ẹnu gétì Igbó Ìjọba ìgbà èwe mi ni mo bá ara mi lọ́kàn, níbi tí Bàbá Músá ti máa ń fi irú ewé bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀fọn ní àràárọ̀ Sátidé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, àdúgbò Basin ní Ìlọrin ni àwọn òbí mi ń gbé nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwọn méjèèjì. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyá mi sì ń ṣe tíṣà. Ilẹ̀ àdúgbò wa pọ́n bí ata gígún, tí ọyẹ́ bá sì ti dé, gbogbo aṣọ funfun ilé wa á di aláwọ̀ osùn. Tí èèyàn bá gba ẹ̀yìn ilé wa, tó kọjá àwọn oko àgbàdo kéékèèké tí àwọn ará àdúgbò ń dá, yóò kan wáyà ẹlẹ́gùn-ún kan tó ti dípẹtà, gétì onírin kan, àti pátákó aláwọ̀ ewé kan tí ìjọba kọ orúkọ gígùn kan sí lédè Òyìnbó. N kò rántí ẹni tó pe orúkọ yẹn rí. Igbó Ìjọba ni gbogbo wa ń pè é.

Igbó náà kò tóbi, ṣùgbọ́n lójú ọmọdé kò lópin. Igi òrí àti igi ìgbá wà níwájú, àwọn igi ńláńlá tí mi ò mọ orúkọ wọn nígbà náà wà lẹ́yìn, odò tóóró kan sì gba àárín wọn kọjá. Tí oòrùn bá ń jó gbogbo ìlú Ìlọrin bí àkàrà nínú epo, inú ibẹ̀ tutù bí ìsàlẹ̀ àmù. Ìjọba ní kí àwọn ilé ìwé máa kó ọmọ wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n lè mọ igi, mọ ẹyẹ, mọ ẹranko. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn. Tiwa náà ì bá má dá a lóhùn bí kì í bá ṣe ti Ántì Morẹ́nikẹ́.

Ántì Morẹ́nikẹ́ ni tíṣà kíláàsì wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń wọ bàtà káńfáàsì, ó sì máa ń dé fìlà oko kan tó fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Kì í pariwo. Tí nǹkan bá ti sú u, ṣe ni yóò mí kanlẹ̀, kíláàsì yóò sì pa lọ́lọ́. Òun ló mú iṣẹ́ Sátidé yìí bí ẹni mú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, òun náà ló sì mú wa lọ, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀.

Bàbá mi kò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà rárá. "Inú oko ni mo dàgbà sí," báyìí ló máa ń sọ fún ìyá mi. "Mo kàwé kí n lè kúrò nínú igbó. Wọ́n wá ń kó ọmọ mi padà síbẹ̀, wọ́n tún ní kó wọ yunifọ́ọ̀mù lọ!"

Kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn sú èmi náà. Àkọ́kọ́ ni ti Bàbá Músá tó ń ṣọ́ gétì. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tó mọ ibi tó fi í sí. A ó dúró lójú oòrùn, yóò wá àpò jáńpá rẹ̀, yóò gbọn ẹní rẹ̀, yóò yọjú wo inú bútà tó fi ń ṣàlùwàlá. Nígbà tó bá rí i tán, yóò tún dí ẹnu ọ̀nà, yóò bẹ̀rẹ̀ òfin: a ò gbọdọ̀ sáré, a ò gbọdọ̀ já ewé, a ò gbọdọ̀ ṣa òkúta, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi.

"Bàbá, kí ni kí wọ́n wá ṣe?" Ántì á bi í.

"Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n máa lọ."

Ti Bàbá Músá kò tíì tó ti Rísíkátù ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Ìlọrin gidi ni, bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní àdúgbò Post Office, mi ò sì tíì rí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bíi tirẹ̀. Ántì Morẹ́nikẹ́ ti sọ fún wa pé ẹtu wà nínú igbó náà, ẹran kékeré tí kò ga ju ewúrẹ́ lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, tó máa ń wá mumi lódò. Ó ní tí a bá lè dákẹ́ dáadáa, a ó rí i. Ọ̀rọ̀ ẹtu yìí wọ̀ mí lórí. Mo ń lálàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé etí odò báyìí, ni Rísíkátù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, tàbí kó bi Ántì pé ṣé ẹtu máa ń sùn lọ́sàn-án. Ẹtu kò yọjú. Ìgbẹ́ rẹ̀ là ń rí, róbótó róbótó bí ẹ̀wà dúdú, Ántì á sì ní kí a dọ̀bálẹ̀ wò ó bí ẹni wo wúrà. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìgbẹ́ ẹtu ju bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi lọ. Tí mo bá délé, bàbá mi á bi mí pé kí ni mo rí lónìí, màá sì sọ fún un. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà òjò ọdún yẹn, Ántì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní igi kan láti gbìn sí gbangba tó wà nítòsí gétì. Tèmi kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti Rísíkátù, tó jẹ́ ọ̀gánwó, yè. Ó ń fi agolo mílíìkì bomi rin ín, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo gbà pé ó mú kó yè: kò rí ààyè sá lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọ̀rọ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn ní àdúgbò pé wọ́n fẹ́ gé Igbó Ìjọba sí púlọ́ọ̀tì kí àwọn èèyàn ńlá lè kọ́lé síbẹ̀. Ántì Morẹ́nikẹ́ gbéra lọ sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ó padà lọ, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ rí kò sí ní ìjókòó. Ó tún lọ, wọ́n ní ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. A máa ń rí i tó bá padà dé, bàtà káńfáàsì rẹ̀ ti pọ́n fún eruku, á jókòó sórí tábìlì rẹ̀, á mí kanlẹ̀. Kò jọ pé ó gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Nígbà tó yá, bóyá nítorí kí wọ́n lè sinmi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì náà yóò wá fojú ara rẹ̀ wo igbó náà àti ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ níbẹ̀.

Ántì fẹ́ kí ọ̀gá náà wá wọ́ọ́rọ́wọ́, kó rìn pẹ̀lú wa, kó jókòó létí odò. Ta ló gbọ́ tirẹ̀? Ọ̀gá ilé ìwé wa ní èèyàn ńlá kì í jókòó létí odò. Nígbà tí a dé gétì ní ọjọ́ náà, kánópì ti wà nílẹ̀, àga oníkùṣìnnì ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù débi pé adìyẹ tó wà ní òdìkejì oko ti sá wọlé. Ẹyẹ kan ṣoṣo kò sí lórí igi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gétì ti ṣí gbayawu kí a tó dé, kò sì sí òfin kankan lẹ́nu Bàbá Músá. Ó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò dùn.

A jókòó sójú oòrùn títí ọrùn wa fi fẹ́ kán. Ọ̀gá dé nígbà tí oòrùn ti dé àtàrí. Ó wọ agbádá funfun àti bàtà funfun, ó sì ka ọ̀rọ̀ gígùn kan lédè Òyìnbó lórí bí igi ṣe ṣe pàtàkì tó. Ibẹ̀ ni mo wà tí Rísíkátù fi ìgúnpá gbún mi. Mo wo ibi tó ń nàka sí. Àwọn tó wá ri kánópì ti gé ọ̀gánwó rẹ̀ kí òpó lè rí ibi dúró. Kùkùté rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ọ̀gá, tí oje ṣì ń sun lára rẹ̀.

Rísíkátù ló yẹ kó ka ewì ìkíni káàbọ̀. Ó ti kọ́ ọ sórí. Wọ́n pè é, ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, ó dìde, ó sì dákẹ́. Ọmọ tí mo ti ń gbàdúrà pé kó dákẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó wá dákẹ́ lójú gbogbo ayé. Ọ̀gá ilé ìwé wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí i. Lẹ́yìn náà ni Rísíkátù la ẹnu, kì í sì í ṣe ewì ló jáde.

"Ọ̀gá, ẹ ṣe é tí ẹ wá, sà. Wọ́n ti gé igi mi. Ibi tí ẹ fẹsẹ̀ sí yẹn, ibẹ̀ ló wà. Wàlláhì, láti ìgbà òjò ni mo ti ń bomi rin ín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yára gbé e kúrò. Ọ̀gá ilé ìwé wa ti ń bọ̀ wá fà á lápá kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ántì Morẹ́nikẹ́ ti dìde ṣáájú rẹ̀. Kò lọ sọ́dọ̀ Rísíkátù. Ìdí jẹnẹrétọ̀ ló lọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á. Etí gbogbo wa ń hó nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà," ló wí. "Igbó lẹ wá wò. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wò ó."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ Ọ̀gá dìde, ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó tẹ̀ lé e. Àwa náà tẹ̀ lé wọn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, kódà Rísíkátù, tí omijé ti gbẹ sí lẹ́rẹ̀kẹ́. A rìn títí dé etí odò. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Ọ̀gá ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, bàtà kò tẹ̀ lé e. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù lọ, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa sì ni mí, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ ẹrẹ̀, mo ń fa bàtà funfun yẹn bí ẹni ń hú iṣu.

Mo gbọ́ tí gbogbo wọn mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ewé kan ló ń mì ní òdìkejì odò.

"O rí i?" Rísíkátù sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mi ò mọ̀ pé ó lè sọ̀rọ̀ báyẹn. "Ó wò wá. Ó wo Ọ̀gá lójú."

Gbogbo èèyàn rí ẹtu àfi èmi. Gbogbo Sátidé tí mo fi dọ̀bálẹ̀ síwájú ìgbẹ́, ọjọ́ tí ẹran náà wá yọjú, bàtà ni mò ń wò. Inú bí mi gan-an. Ọ̀gá gba bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ mi láì wò ó. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní òdìkejì odò.

"Mi ò rí i láàyè rí," ó wí jẹ́ẹ́. "Nínú ọbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n gé púlọ́ọ̀tì náà, ẹ má rò pé wọn ò gé e. Gbogbo apá tó kọjú sí títì ló lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdí odò àti àwọn igi ńlá ẹ̀yìn sílẹ̀. Àwọn kan ní kí Ántì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ò rí ohun tí òun ó dúpẹ́ fún nígbà tí wọ́n gba ìdajì. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí i dájú pé Rísíkátù gbin igi mìíràn sí etí odò kí òjò tó tún dá. Ọdún tí a jáde ìwé mẹ́fà, bàbá Rísíkátù kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí Kàdúná, ó kó gbogbo ilé lọ. Ó ní òun máa kọ̀wé sí mi. Nígbà tí mo dàgbà, mo wá a káàkiri àdúgbò Post Office, kò sí ẹni tó rántí bàbá rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ń fẹ́ kó panu mọ́ nígbà yẹn tó, ó ń yà mí lẹ́nu ohun tí mo lè fi sílẹ̀ lónìí láti gbọ́ ìtàn gígùn kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀.

Mo lọ kí Ántì Morẹ́nikẹ́ ní Ọ̀mù-Àrán, níbi tó ń gbé báyìí, lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá. Ó ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Ó bi mí bóyá apá tó kù yẹn ṣì wà. Mo ní ó wà, mà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti yí i ká, tí àwọn kan sì ń da pàǹtírí sínú odò. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń lọ. Mo ní wọ́n ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń padà sílé.

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún!" Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Kí ni wọ́n lè rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Ta ni ọ̀gá ilé ìwé náà?"

Mo sọ fún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán là ń sọ. Ó di ọwọ́ àga mú, ó gbé ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó ní kí n bá òun mú gèlè òun lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ti gé kúrò ní Ìlọrin tí mo mọ̀, n kò sì retí pé wọ́n á dá a padà. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ igi ṣì lè bí nínú títí orúnkún rẹ̀ á fi gbàgbé pé òun ń dùn ún. Mo mú gèlè náà wá, mo sì lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.